Ta Ló Ń Mu Wàrà Súkì?

Késíà jí lọ́jọ́ Ajé. Ọjọ́ aṣọ fífọ̀ ni.

Màmá ti gbé omi kaná. Bàbá ti lọ ro oko àgbàdo. Késíà gbé garawa, ó gbé àpótí, ó lọ fún wàrà Súkì.

Súkì ni màlúù wọn. Ara rẹ̀ pupa rúsúrúsú. Iwájú orí rẹ̀ funfun báláú.

"Káàárọ̀ o, Súkì," ni Késíà wí.

"Mùúù," ni Súkì dá a lóhùn.

Késíà jókòó sórí àpótí. Ó fún wàrà. Ṣàà! Ṣàà! Ṣàà! Garawa kún dé ẹnu.

Ìyẹn ti àárọ̀ nìyẹn.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Késíà tún gbé garawa, ó tún gbé àpótí. Ó fún wàrà.

Ṣì... ṣì... tó.

Ó parí. Kò sí mọ́. Wàrà náà ò tiẹ̀ bo ìdí garawa.

Késíà bẹjú wo inú garawa. Ó wo ọmú Súkì. Ó wo ojú Súkì.

"Súkì, ta ló ń mu wàrà rẹ?"

Súkì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ń jẹnu wúyẹ́wúyẹ́.

Késíà di ojú kan. Ó fi ojú kejì wo ọ̀tún. Ó fi wo òsì.

"Hùn-ún!" ló wí. "Nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ níbí."

Màmá gba garawa lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yẹ̀ ẹ́ wò.

"Èyí náà nìkan? Kí ni Ẹ́nọ́sì fẹ́ mu?"

Ẹ́nọ́sì ni ọmọ ọwọ́ ilé náà. Eyín kan ṣoṣo ló ní lẹ́nu. Wàrà ni oúnjẹ rẹ̀.

"Wáà! Wáà!" ni Ẹ́nọ́sì ń ké.

Gbogbo ilé jókòó sídìí tábìlì. Wọ́n ń jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Súkì ti ń dàgbà ni," ni Bàbá wí.

"Ejò ni," ni Màmá Àgbà wí. Màmá Àgbà ni ìyá Bàbá. "Ejò tó ń mu wàrà! Mo fojú ara mi rí i nígbà tí mo wà lọ́mọge."

"Màmá Àgbà tún ti bẹ̀rẹ̀," ni Jábésì wí. Jábésì ni ẹ̀gbọ́n Késíà. Irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, ó sì rò pé kò sóhun tí òun ò mọ̀.

"Panu mọ́, ìwọ tí ò ń sá fún tòlótòló!" ni Màmá Àgbà wí.

Jábésì fa àga rẹ̀ súnmọ́ Bàbá. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Bàbá, kì í ṣe ejò. Àwọn ará òdìkejì odò ni."

Gbogbo wọn yíjú sí i. Ẹ́nọ́sì pàápàá dẹ́kun ẹkún.

Àwọn ará òdìkejì odò ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀dó ni. Láti ilẹ̀ Nọ́wè ni wọ́n ti wá, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi dé Amẹ́ríkà níbí. Wọ́n la igi, wọ́n fi kọ́lé. Èdè wọn yàtọ̀ sí ti ilé Késíà. Kò sẹ́ni tó tíì lọ kí wọn káàbọ̀.

"Wọ́n ní ọmọbìnrin kan," ni Jábésì wí. "Lójoojúmọ́ ló ń gbé garawa káàkiri etídò. Ó sì fi aṣọ bò ó. Kí ló wà nínú rẹ̀ tó fi ń bò ó?"

Bàbá wo ọ̀nà odò. Ó wò ó títí.

Késíà náà di ojú kan.

"Hùn-ún!" ló wí.

Lọ́jọ́ kejì, Késíà bẹ̀rẹ̀ sí í wá olè.

Ó kọ́kọ́ fura sí Táúsà, ajá wọn.

"Táúsà, ya ẹnu."

Táúsà yanu gbàgà. Késíà gbóòórùn rẹ̀.

Púù! Ẹnu Táúsà ń rùn bí egungun àná. Kò rùn bíi wàrà rárá.

Táúsà kọ́.

Ó wá fura sí ejò. Ó mú igi gígùn kan. Ó ń gún inú koríko. Wúrú! Wúrú! Wúrú!

Fìrì! Ejò kékeré kan yọ jáde.

"Yéè!" ni Késíà ké. Ó sá gba ọ̀tún. Ejò sá gba òsì.

Késíà dúró, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ro ẹnu ejò náà. Ó kéré bí ihò bọ́tìnnì. Ibo ló fẹ́ fi gba ọmú Súkì?

Ejò kọ́.

Ló bá ku Jábésì. Jábésì wà lẹ́yìn ilé màlúù. Ó kọ̀yìn sọ́nà. Ẹnu rẹ̀ ń lọ.

"Bọ̀ọ̀dá, kí lẹ̀ ń jẹ?"

"Ápù ni, Adájọ́!"

"Ẹ yọ ahọ́n yín."

"Kí n yọ kí ni?"

"Ahọ́n! Ẹ yọ ọ́ kí n rí i."

Jábésì yọ ahọ́n gbọọrọ. Ó pọ́n wẹ̀ẹ̀. Kò sí funfun wàrà lórí rẹ̀.

Jábésì náà kọ́.

Nírọ̀lẹ́, Késíà lọ fún wàrà.

Ṣì... ṣì... tó.

Ojoojúmọ́ ni. Àárọ̀ á kún. Ìrọ̀lẹ́ á gbẹ. Ẹ́nọ́sì á ké.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, Bàbá gbé ṣíbí rẹ̀ kalẹ̀.

"Pelatáyà ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta," ló wí.

Ọwọ́ Késíà dúró lójú afẹ́fẹ́.

Oníṣòwò màlúù ni Pelatáyà. Ó ń lọ láti oko dé oko, ó ń ra màlúù, ó ń dà wọ́n lọ. Màlúù tó bá bá Pelatáyà lọ kì í padà wálé.

"Bàbá, ẹ má ta Súkì!"

"Koríko tá a máa kó pa mọ́ de ìgbà òtútù ò pọ̀, ọmọ mi. N ò lè máa bọ́ màlúù tí kò ní wàrà."

"Ó ní wàrà! Ẹnì kan ló ń mu ún!"

"Ta ni?"

Késíà rántí ọmọbìnrin onígarawa.

Òun náà wá wo ọ̀nà odò, bí Bàbá ṣe wò ó.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Késíà jẹun ọ̀sán tán kíákíá. Ó lọ sá pa mọ́ sínú igbó kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Ó káwọ́ gbá orúnkún. Kò mira.

Súkì ń jẹ koríko. Ráú. Ráú. Ráú.

Kò sẹ́ni tó wá.

Ráú. Ráú.

Ìgbà tó yá, Súkì gbórí sókè. Ó wo iwájú. Ó wo ẹ̀yìn. Ó wá ń rọra lọ sọ́nà odò.

"Áà!" ni Késíà wí nínú ara rẹ̀. "Súkì, ìwọ náà ń yọ́ rìn?"

Késíà fi ìka ẹsẹ̀ rìn tẹ̀lé e. Ó rọra. Ó rọra. Súkì wọ inú igbó etídò, Késíà ò rí i mọ́.

Ló bá gbọ́ ohùn kan.

"Lam! Lam! Lam!"

Késíà lúgọ sẹ́yìn igi.

Ọmọbìnrin kan ń bọ̀. Wọ́n di irun rẹ̀ sí méjì. Ó gbé garawa. Aṣọ wà lórí garawa náà.

"Lam! Lam!"

Kí ló ń pè? Ṣé ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe wàrà wọ garawa nìyẹn?

Késíà ò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó fò síta.

"Mo ti mú ọ!"

Ọmọbìnrin náà ò sá. Ó na ìka sí Késíà.

"Mo ti mú ọ!" lòun náà wí.

"Olè!" ni Késíà wí.

"Olè!" ni ọmọbìnrin náà wí.

"Èmi kọ́! Ìwọ ni!"

"Ìwọ ni!"

"Wàrà wa dà?"

"Lam mi dà?"

Késíà ṣí aṣọ orí garawa. Fà!

Wàrà kọ́ ló wà níbẹ̀.

Ẹ̀kọ mímu ni. Ó ti tutù. Ó ti ń dì.

Késíà wo ẹ̀kọ. Ó wo ọmọbìnrin náà.

"Èmi Ragna," ni ọmọbìnrin náà wí. Ó ń wá ọ̀rọ̀ bí ẹni ń ṣa ẹ̀gún. "Lam. Kékeré. Ó ní irun. Mèé, mèé."

"Ọmọ àgùntàn?"

"Ọmọ àgùntàn! Ìyá rẹ̀, ó kú. Mo gbé oúnjẹ wá. Kò jẹ. Ó sá. Ojoojúmọ́, ó sá. Ìrọ̀lẹ́, ó padà. Ikùn rẹ̀..." Ragna ya ọwọ́ méjèèjì síwájú ikùn. "Gbìndìn! Ta fún un ní oúnjẹ? Ìwọ! O fẹ́ mú lam mi!"

"Èmi?" ni Késíà wí. "N ò rí i rí!"

Ragna di ojú kan. Ó fi ojú kejì wo Késíà láti orí dé ẹsẹ̀.

Kò sẹ́ni tó wò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ó ta Késíà lára díẹ̀.

Ó wá ń ronú.

Súkì kì í ní wàrà nírọ̀lẹ́. Ọmọ àgùntàn kì í ní ebi nírọ̀lẹ́.

Késíà la ojú sílẹ̀. Ragna náà la ojú sílẹ̀.

"Ṣé kì í ṣe pé..." ni Késíà wí.

Wọ́n gbọ́ ìró kan lẹ́yìn ewé.

Mùkù. Mùkù. Mùkù.

Wọ́n rákò lọ síbẹ̀. Késíà fọwọ́ ya ewé sọ́tùn-ún. Ragna ya ewé sósì.

Súkì ló dúró nínú kòtò. Ọmọ àgùntàn kan dúró létí kòtò náà, ó ga tó ọmú Súkì gẹ́lẹ́. Ó ń mu wàrà. Ìrù rẹ̀ ń jù fìrìfìrì.

Mùkù. Mùkù. Mùkù.

Súkì ń fi ahọ́n lá a lẹ́yìn. Ó dijú bí ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú.

Ọmọ tirẹ̀ ti kú, nígbà tí yìnyín ṣì wà nílẹ̀. Látìgbà náà, kò rí ẹni tó máa lá.

"Súkì," ni Késíà wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Lam," ni Ragna wí.

"Wóò! Wóò! Wóò!"

Táúsà ni! Táúsà ń gbó nílé. Kẹ̀kẹ́ ẹṣin kan ń dún lójú ọ̀nà.

Pelatáyà ti dé. Kò dúró di ọjọ́ Àbámẹ́ta!

Gìrìgìrìgìrì! Jábésì sáré wọ inú igbó, okùn Pelatáyà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rù ba ọmọ àgùntàn. Fíì! Ó ti wọgbó.

Jábésì ò rí i. Ragna àti garawa rẹ̀ ló rí.

"Hẹ̀n-ẹ́n! Mo sọ bẹ́ẹ̀!" ló wí. "Garawa nìyẹn! Olè nìyẹn!"

"Bọ̀ọ̀dá, rárá! Ọmọ àgùntàn ni!"

"Ọmọ àgùntàn wo? Ṣé afọ́jú ni mí?"

Jábésì ju okùn sọ́rùn Súkì. Ó fà á. Súkì ń bojú wẹ̀yìn. Jábésì ń fà á. Wọ́n lọ.

Omi ojú Késíà ń bọ̀. Ó fọwọ́ nù ún. Kò sáyè ẹkún.

"Ragna, pe lam rẹ! Bàbá gbọ́dọ̀ rí i!"

"Lam! Lam! Lam!"

Ọmọ àgùntàn ò jáde.

"Lam! Lam!"

Kò jáde.

Kí ló lè mú un jáde? Késíà ronú. Ó ronú. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu rẹ̀ bíi fèrè.

"Mùúùùù!"

Ewé mì.

"Mùúùùù!"

Imú kékeré kan yọ. Etí méjì yọ.

"Mèéè?"

Gbà! Wọ́n gbá a mú. Késíà di ẹsẹ̀ iwájú mú. Ragna di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mú. Wọ́n sáré la pápá kọjá. Ẹ̀kọ dà nù. Bàtà Ragna bọ́ sílẹ̀, kò bojú wẹ̀yìn.

Pelatáyà wà níwájú ilé màlúù. Ó ń fọwọ́ tẹ ọmú Súkì.

"Ó ti gbẹ," ló wí.

"Mo mọ̀," ni Bàbá wí. Ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́.

"Bàbá! Ẹ dúró! Mo ti mú olè wá!"

Gbogbo wọn yíjú. Bàbá wo Ragna. Màmá wo Ragna. Jábésì ò mójú kúrò lára Ragna rárá.

"Òun kọ́!" ni Késíà wí. Ó gbé ọmọ àgùntàn sókè. "Èyí ni!"

Pelatáyà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ àgùntàn ló mu màlúù gbẹ? Kèè! Gbogbo ibi tí mo rìn dé, n ò gbọ́ irú rẹ̀ rí."

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Késíà. Ó wò ó lójú.

"Késíà, mo mọ̀ pé o fẹ́ràn Súkì. Ṣé nítorí rẹ̀ lo ṣe ń purọ́ fún mi?"

Bàbá fura sí òun náà! Àmọ́ Késíà ò gbójú kúrò.

"Ẹ jẹ́ ká gbé e sílẹ̀, Bàbá. Ẹ ó rí i."

Ragna gba ọmọ àgùntàn lọ́wọ́ rẹ̀, ó rọra gbé e sílẹ̀.

Ọmọ àgùntàn wo Pelatáyà. Ó wo Táúsà. Ó wo Jábésì.

Ó rí Súkì.

"Mèéè!"

Pàrà! Ó ti dé ìdí rẹ̀. Ó nàró, kò tó ọmú. Ó fò, kò tó o. Àpótí Késíà wà nílẹ̀ níbẹ̀. Ó gun orí àpótí.

Mùkù. Mùkù. Mùkù.

"Yéè!" ni Màmá wí.

"Ó tán!" ni Pelatáyà wí. Ó fi fìlà bo ojú, ó ń rín títí èjìká rẹ̀ fi ń mì.

"Mo sáà sọ fún yín pé nǹkan kan ló ń mu ún," ni Màmá Àgbà wí.

"Ejò lẹ sọ, Màmá Àgbà!"

"Mo ní nǹkan kan!"

Bàbá lọ bá Súkì. Ó tú okùn kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ó ká okùn náà, ó fi lé Pelatáyà lọ́wọ́.

"Má bínú," ló wí. "A ò ta màlúù mọ́."

Késíà gbá Súkì lọ́rùn mú. Ó fi ojú pa mọ́ sí i lára. Ẹkún tó ti pa mọ́ nínú igbó wá jáde wàyí.

Ragna náà gbé lam rẹ̀. Ó dì í mọ́ àyà gbágbágbá.

"Ẹ má mú un," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́. Kò mọ̀ pé olè ni."

Màmá wo Ragna. Ó rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ò ní bàtà. Ó lọ sínú ilé, ó mú búrẹ́dì àgbàdo wá, ó fi lé e lọ́wọ́.

"Kò sẹ́ni tó máa mú un, ọmọ mi. Àmọ́ Ẹ́nọ́sì náà gbọ́dọ̀ mu."

Kí ni wọ́n máa ṣe?

"Mo mọ̀ ọ́n!" ni Késíà wí. "Màá fún wàrà Ẹ́nọ́sì láàárọ̀. Màá tún fún díẹ̀ sínú ife rẹ̀ lọ́sàn-án. Lẹ́yìn náà ni Ragna á wá mú lam wá. Èyí tó bá kù, tirẹ̀ ni."

Màmá wo Bàbá. Bàbá wo Màmá.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Bàbá wí.

Ó wá dé fìlà rẹ̀. "Jábésì, ó yá. A fẹ́ mú ọmọ yìí lọ sílé."

"Èmi náà, Bàbá?"

"Ìwọ gan-an."

Wọ́n la odò kọjá. Pọ́tọ́! Pọ́tọ́! Omi wọ inú bàtà wọn. Késíà náà tẹ̀ lé wọn.

Bàbá Ragna dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Halvor ni orúkọ rẹ̀. Ó ga fíofío. Ó ká apá mọ́ àyà. Ó wo Bàbá. Ó wo Jábésì. Ó wo ọmọ rẹ̀ tó ní bàtà kan lẹ́sẹ̀. Kò ní kí wọ́n wọlé.

Bàbá ṣí fìlà.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́," ló wí. "Mo ti fura sí yín. Mo rò pé ẹ̀ ń jí wàrà wa. Ẹ ò jí nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Ragna fi èdè wọn sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀.

Bàbá gún Jábésì nígùnpá.

"Èmi náà," ni Jábésì wí. Etí rẹ̀ pọ́n bí ahọ́n rẹ̀. "Ẹnu mi ló ṣe é. Ẹ má bínú."

Ragna tún sọ ọ́.

Halvor tú apá rẹ̀ sílẹ̀. Ó wá sọ̀rọ̀ gígùn kan.

"Kí ló wí?" ni Késíà béèrè.

Ragna ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bàbá mi ní, àwa náà fura sí yín. Ó rò pé ẹ̀ ń jí àgùntàn wa. Lọ́la ló fẹ́ wá bá yín jà."

Bàbá wo Halvor. Halvor wo Bàbá.

"Há!" ni Bàbá wí.

"Há!" ni Halvor wí.

"Hà-há-há-há!" Àwọn méjèèjì rín, wọ́n rín, Halvor sì ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ gbayawu.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Bàbá wọ́ igi ńlá kan wá sétídò. Halvor gbé ayùn wá. Èdè wọn ò bára mu, àmọ́ wọ́n ń pariwo mọ́ra wọn tayọ̀tayọ̀.

"Gbé e sókè!"

Halvor náà pariwo ọ̀rọ̀ kan.

"Rárá, òkè ni mo wí!"

Kọ̀n-rọ̀n, kọ̀n-rọ̀n, ayùn ń lọ. Kò! Kò! Kò! Jábésì ń kan ìṣó. Nígbà tí oòrùn fi máa rẹlẹ̀, afárá kan ti wà lórí odò.

Késíà àti Ragna ló kọ́kọ́ gun un. Wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú. Wọ́n sáré lọ. Wọ́n sáré bọ̀.

Ọmọ àgùntàn dúró létí afárá. Ó fi ẹsẹ̀ kan kàn án. Ó yọ ẹsẹ̀ kúrò. Ó fi imú kàn án. Ó fà sẹ́yìn.

"Kò fọkàn tán an," ni Ragna wí.

"Wá, lam! Kò ní já!" ni Késíà wí.

"Wá!" ni Jábésì wí. Ó fò sókè sódò lórí afárá náà kó lè rí i. Gbì! Gbì!

Ọmọ àgùntàn wo gbogbo wọn. Ó jókòó.

Súkì wá dé láti inú pápá. Ó dúró ní òdìkejì odò. Ó na ọrùn.

"Mùúùùù!"

Ọmọ àgùntàn dìde. Etí rẹ̀ nà ró.

Kò-kò-kò-kò-kò! Pátákò rẹ̀ ń dún lórí igi tuntun. Ó kọjá lábẹ́ apá Ragna. Ó kọjá láàárín ẹsẹ̀ Jábésì.

Ó dé ọ̀dọ̀ Súkì.